Àkíbù Onífótò àti Àwọn Òkúta Sàréè Ìgbẹ́mọ

Ọkọ mi Àkíbù kì í ya fótò ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín. Bí o bá jókòó sórí àga rẹ̀ ní Òkèṣà, tí o wá fẹyín, á ní kí o rẹ́rìn-ín tán ná, òun á dúró dè ọ́. Ó ní ẹ̀rín kì í pẹ́ lójú èèyàn, fótò ló ń pẹ́ lára ògiri, ta ló wá fẹ́ kí ọmọ ọmọ òun máa wo eyín òun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Adó ṣe ń jókòó níwájú rẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú le koko bí ojú ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Èmi Mùínátù, ìyàwó rẹ̀, ni mo ń gé gíláàsì tí mo sì ń kan férémù níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá rí fótò kan tó wọ́ lára ògiri ní agbègbè Ọjà Ọba nígbà náà, ògiri wọn ló wọ́. Férémù tèmi kì í wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó ń jẹ Àkíbù lọ́kàn, kí ẹ má baà dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu tó bá yá. Ìgbẹ́mọ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Lẹ́yìn agbo ilé wọn níbẹ̀, àwọn òkúta gbọọrọ kan wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lórí sàréè àwọn bàbá ńlá wọn, láti ayé tí ẹnikẹ́ni ò lè ròyìn mọ́. Ọkùnrin ilé tó bá kú, wọ́n á ri òkúta tirẹ̀ mọ́ ti àwọn tó kù. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun, wọ́n á fọ àwọn òkúta náà, wọ́n á bu epo sí wọn lórí, wọ́n á sì pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Àkíbù gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Múdàṣírù, ló bá ní òun ò bu epo sórí òkúta mọ́. Bàbá tó bí i, ẹni tí kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sì mọ mọ́ṣáláṣí, dá a lóhùn pé ẹni tí kò bá lè bu epo sórí bàbá òun kò gbọdọ̀ jẹ iṣu òun. Ọ̀rọ̀ parí. Múdàṣírù kó ẹrù rẹ̀ wá sí Adó, ó ń rán fìlà, kò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n sin ín bí wọ́n ṣe ń sin Mùsùlùmí, ilẹ̀ tẹ́jú, kò sí òkúta. Kò ya fótò rí, torí ó kú kí ọmọ rẹ̀ tó ní kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ fún Àkíbù lórí àkéte àìsàn. Ó ní, "Wọn ò ní pe orúkọ mi nílé." Ó yíjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Àkíbù gbé mì, kò sì dà á. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé bàbá àwọn ẹlòmíràn kọ́ sára ògiri, tirẹ̀ ò sí lára ògiri, kò sí nínú ìlà òkúta, kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tó fẹ́ láyé ò ju pé kí àwọn ará Ìgbẹ́mọ gbà pé ọmọ àwọn ni bàbá òun. Ṣùgbọ́n kí ó lọ bá wọn sọ ọ́? Háà! Ẹ ò mọ Àkíbù. Ìbaaka yá gbọ́ ọ̀rọ̀ jù ú lọ.

Ìgbà tó di ọdún 1978 ni Tísà Ọmọ́níyì wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan nígboro. Ó ti rí fótò àwọn òkúta ńláńlá nínú ìwé òyìnbó, òkúta orí sàréè àtayébáyé, ó ní àwọn tó ń gbé òkè òkun máa ń sọ irú fótò bẹ́ẹ̀ di ńlá, wọ́n á sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́.

"Àwa náà ní tiwa," ni Tísà wí. "Ìgbẹ́mọ ni wọ́n wà. Ẹ bá mi yà wọ́n, kí ẹ ṣe wọ́n ní gbẹ̀ǹgbẹ̀ fún pálọ̀ mi."

Mo wo Àkíbù. Ó ń nu ojú kámẹ́rà, ó ń nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Tísà lọ tán, mo ní, "Bàbá Sìmíátù, ṣé o máa lọ?"

"Iṣẹ́ ni."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ṣé o máa sọ ẹni tí o jẹ́ fún wọn?"

"Mùínátù, mo ní iṣẹ́ ni."

Mo bá a lọ. Bí mo bá jẹ́ kó dá lọ, ìròyìn tí n óò gbọ́ kò ní ju pé oòrùn mú. Ọkọ̀ ìjàpá Tísà la wọ̀, èmi lẹ́yìn, ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà lórí itan mi.

Olórí agbo ilé náà ni Bàbá Olúgbádé. Àbúrò Múdàṣírù ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà, ṣùgbọ́n èmi àti Àkíbù nìkan ló mọ̀ lójú agbo lọ́jọ́ náà pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ni onífótò. Bàbá ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á lọ kọrin láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á sì lọ kí àwọn òkúta lọ́sàn-án, wọn ò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Tísà ṣàlàyé ohun tó bá wá. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ó dára, kí a jókòó ná, kí àwọn obìnrin lọ kó aṣọ wá.

"Aṣọ kí ni, bàbá?" ni Tísà béèrè.

"Aṣọ wọn. Ṣé ìhòòhò lẹ fẹ́ yà wọ́n ni?"

"Bàbá, òkúta ni wọ́n."

"Ìwọ náà, ẹran ni ọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe wá?"

Tísà wo ara rẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò, ó sì de táì. Wọ́n kó aṣọ dé lóòótọ́: sányán, ẹtù, agbádá tí kòkòrò ti jẹ létí, fìlà oríṣiríṣi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọṣọ fún àwọn òkúta. Ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí sányán tọ́ sí. Obìnrin kan fẹ́ da aṣọ dúdú bo òkúta Bámgbóyè, ẹ̀gbọ́n Bàbá Olúgbádé, ẹni tó gbẹ̀yìn kú nínú wọn, tí òkúta rẹ̀ wà ní ìparí ìlà. Ni wọ́n bá pariwo mọ́ ọn pé Bámgbóyè kì í wọ dúdú láyé, ṣé ikú ló fẹ́ kó wá máa wọ̀ ọ́. Tísà ń lọ ó ń bọ̀, ó ní ẹ ń ba ìtàn jẹ́, ẹ ń ba ìtàn jẹ́. Wọ́n ní kó fara balẹ̀, kó bá àwọn mú etí agbádá dání. Ó sì mú un dání.

Nígbà tí gbogbo wọn wọṣọ tán, tí wọ́n tò lọ gbọọrọ bí ìgbìmọ̀ ìlú, Àkíbù bọ orí sínú aṣọ dúdú ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ó yọrí padà. Ẹnu iṣẹ́ ò jẹ́ kó mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ má rẹ́rìn-ín o."

"Wọn ò ní rẹ́rìn-ín," ni Bàbá Olúgbádé wí.

Tísà bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà kí Àkíbù ya oníhòòhò kan fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí obìnrin tó gbọdọ̀ wò wọ́n. Wọ́n ní kí gbogbo wa kẹ̀yìn. Èmi Mùínátù, tí mo ti bímọ, tí mo ti dàgbà tó báyìí, mo kọjú sí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo dúró, nítorí pé òkúta ń bọ́ṣọ. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí Àkíbù lẹ́yìn kámẹ́rà, ó ń fi ìka ka àwọn òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Bí a ṣe ń kẹ́rù, Bàbá Olúgbádé wá dúró tì í. Wọ́n wo iwájú orí rẹ̀ dáadáa. "Onífótò, ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Adó ni mí, bàbá."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òkò ọ̀rọ̀ sí i níbẹ̀. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ tó ń wá kiri dúró síwájú rẹ̀, tó tún bi í léèrè lẹ́nu ara rẹ̀! N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé Adó. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń bínú, òun náà ò sọ̀rọ̀.

Tísà gbé oníhòòhò tirẹ̀ lọ sí pálọ̀. Gbẹ̀ǹgbẹ̀ ni, férémù rẹ̀ lẹ́wà, èmi ni mo kàn án. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá wọlé á ní òkúta kí nìyẹn, Tísà á ní òkúta sàréè ni. Ojú ẹsẹ̀ ni àlejò á ṣí fìlà. "Áà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á dá ọwọ́ ikú dúró." Tísà á ní ẹ̀ṣọ́ ni, ẹ̀ṣọ́ ilé lásán. Àlejò á wò ó tìyanu tìyanu, á sì tún kí i kú ìrọ́jú. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kó gbogbo ilé rẹ̀ wá láti bá a dárò. Nígbà tí Tísà gbé e lọ sí yàrá, ìyàwó rẹ̀ Adéfúnkẹ́ ní òun ò lè máa bọ́ṣọ níwájú bàbá àwọn bàbá, kí àwọn náà má sì wọṣọ. Tísà gbé e padà wá fún wa, ó gba aláṣọ lọ. Kò sẹ́ni tó bá a kẹ́dùn lórí ìyẹn, wọ́n ní ẹbí rẹ̀ níyì.

Ẹ̀dà aláṣọ kan tí Àkíbù gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù ló sọ wá di olókìkí. Àwọn ará Ìyìn wá, àwọn ará Afàó wá, àwọn ará Ìwòròkó wá. Gbogbo ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ kú kí kámẹ́rà tó dé fẹ́ kí ó bọ́ sára ògiri, àwọn tí òkúta tàbí òkìtì sàréè wọn ṣì wà nílẹ̀ sì pọ̀. Àkíbù ń lọ, èmi ń kan férémù, èékánná mi kò rọgbọ. Àlùfáà mọ́ṣáláṣí wa pè é, ó ní, "Àkíbù, mo gbọ́ pé òrìṣà lò ń yà." Àkíbù ní, "Àlùfáà, àwọn tó bá wọṣọ ni mò ń yà." Àlùfáà ronú sí i, ó ní kí ó bá òun ya ti páálí ìrìnnà Mẹ́kà.

Nígbà tí iṣu fẹ́rẹ̀ẹ́ ta, Bàbá Olúgbádé ránṣẹ́ láti Ìgbẹ́mọ. Wọ́n ní orúnkún ò gbé àwọn dé ẹ̀yìn ilé mọ́. Wọ́n ní kí Àkíbù ṣe fótò àwọn òkúta ní ńlá fún pálọ̀ agbo ilé, torí pé láti ọdún yìí lọ, iwájú fótò ni wọn ó ti máa pe orúkọ. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ń bọ̀ wá gbé e ní ọjọ́ ọjà.

Àkíbù gbọ́ iṣẹ́ náà, ó jókòó sórí àga tó máa ń fún oníbàárà, ojú rẹ̀ le koko. Lọ́jọ́ kejì, mo kó aṣọ dé ẹ̀yìnkùlé láti lọ fọ̀ ọ́, mo sì bá òkúta tí mo máa ń gbo aṣọ lé lórí tó dúró gangan lórí ìdí rẹ̀. Ó wọ agbádá funfun. Ó dé fìlà bàbá ọkọ mi, èyí tó rán gbẹ̀yìn, tí a fi pamọ́ sínú àpótí. Àkíbù wà lẹ́yìn kámẹ́rà.

"Ẹ gbà mí! Àkíbù, kí lò ń fi òkúta ìfọṣọ mi ṣe?"

"Mò ń ya bàbá mi," ló wí.

Ohun tó fẹ́ ṣe yé mi kíá: yóò gé òkúta yìí lára fótò tirẹ̀, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí ìlà àwọn tó kù lẹ́yìn Bámgbóyè, yóò tún gbogbo rẹ̀ yà pọ̀ kó di ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú fótò, wọ́n á kàn án dandan. Bí inú Bàbá Olúgbádé bá dùn sí i, Múdàṣírù ti délé nìyẹn. Bí kò bá dùn sí i, wọ́n á ní onífótò Adó ń purọ́ mọ́ òkú, kò sì sí agbo ilé kan ní Èkìtì tí yóò tún jẹ́ kó gbé kámẹ́rà wọlé, débi tí Ìgbẹ́mọ yóò tún fetí sí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ láéláé. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní òun mọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo gbé aṣọ mi sílẹ̀, mo sì bá a tún ọrùn agbádá náà ṣe.

Ọjọ́ ọjà pé. Bàbá Olúgbádé dé pẹ̀lú ọ̀pá, mo gbé fótò náà dúró lórí tábìlì mi, nínú férémù tó dára jù tí mo kàn rí. Wọ́n súnmọ́ ọn. Wọ́n gbé ìka lé e, wọ́n ń pe orúkọ àwọn òkúta náà wúyẹ́wúyẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka ń rìn lórí gíláàsì mi. Wọ́n pe bàbá tó bí wọn. Wọ́n pe Bámgbóyè. Ìka rìn síwájú, kò sí orúkọ mọ́ lẹ́nu.

"Ta rèé?"

Òòlù wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ibi tí n óò gbé e sí. "Múdàṣírù ni, bàbá. Bàbá mi ni."

"A ò mọ Múdàṣírù kankan ní ulé wa."

Mo rí i tí ojú ọkọ mi wọlẹ̀. Bàbá ṣì tẹjú mọ́ fótò.

"Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ tí a mọ̀ ọ́n mọ́," ni wọ́n wí. "Òkúta ta lo lò?"

A ò gbọ́ orúkọ yẹn rí, èmi àti òun. Èmi ni mo dáhùn, ẹnu mi tó ń yá jù yìí, mo ní òkúta tí mo fi ń fọṣọ ni.

"Ó dára. Ó fẹ́ràn ìmọ́tótó." Wọ́n bá yíjú sí Àkíbù, ohùn wọn le. "Ṣùgbọ́n aláìmọ̀kan ni ọ́. Ta ló ní kí o gbé e síbí?"

Àkíbù wólẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Màá yọ ọ́. Màá yọ ọ́ kúrò."

"Yọ ta ni? Mo ní kí o yọ ọ́? Mo ní ta ló gbé ẹ̀gbọ́n sẹ́yìn àbúrò! Rẹ̀mílẹ́kún ló pọn Bámgbóyè, òun náà ló pọn èmi lọ sí oko. Bí a ṣe bí wọn la ń tò wọ́n ní ulé wa, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kú. Gbé e kúrò ní ìdí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bàbá wa ni ipò rẹ̀."

"Bàbá yín ló lé e," ni Àkíbù wí láti ilẹ̀.

"Ojú mi ló ṣe. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, ó tú ọwọ́ mi." "Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni kó wà. Kí àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, kí wọ́n máa wo ara wọn títí wọn á fi parí ìjà. A ó pe Rẹ̀mílẹ́kún, a ó sì pe Múdàṣírù mọ́ ọn, kó má baà sọ pé òun kọ́ là ń bá wí."

Igbe tí Àkíbù ké, àwọn tó ń ta ata lódìkejì títì gbọ́ ọ. Ó dojú bolẹ̀ láàárín ègé gíláàsì mi, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi náà sunkún, mo fi ìdí òòlù nu ojú mi. Bàbá Olúgbádé nìkan ni kò sunkún, wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Dìde, wọ yàrá òkùnkùn rẹ lọ, kí o tún un yà."

"Bàbá, yóò pẹ́ díẹ̀. Ẹ lọ ná, màá gbé e wá bá yín ní Ìgbẹ́mọ."

Wọ́n fa àga onífótò, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọ̀pá lé itan. Wọ́n ní kò sí wàhálà, àwọn á dúró, àwọn ò ní fi ẹ̀gbọ́n àwọn sílẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kejì.